Lẹ́yìn Afárá, Má Yà Sósì

Ọkọ̀ náà sọ̀ kalẹ̀ lórí afárá, ohùn inú fóònù sì pàṣẹ fún awakọ̀ pé kó máa lọ tààrà. Òpópónà tó yẹ kó yà sí wà lápá òsì rẹ̀ gbayawu, kò sí ọkọ̀ kankan nínú rẹ̀, ilé oníbàárà tó ń dúró de ẹrù sì hàn kedere láti orí ìjókòó rẹ̀. Awakọ̀ nawọ́ sí ilé náà, ó pòṣé.

"Ẹ wò ó! Ilé nìyẹn! Ṣé ẹ ti rí i báyìí?"

Fóònù kò rí i. Ó mú awakọ̀ yí gbogbo àdúgbò po kó tó gbé e padà wá sí ẹnu ọ̀nà tó ti ń wò láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ibẹ̀ ni fídíò náà parí sí. Agbẹjọ́rò ilé-iṣẹ́ tan iná yàrá ìpàdé.

"Bẹ́ẹ̀ ló ń ṣe ní gbogbo ìlú," ni agbẹjọ́rò wí. "Níbikíbi tí afárá bá wà, bí ọkọ̀ bá ti kúrò lórí rẹ̀, ètò afọ̀nàhàn inú fóònù tí à ń tà kì í jẹ́ kó yà sí òsì lójú ẹsẹ̀. Nǹkan kan ṣoṣo mìíràn ló tún ń ṣe bẹ́ẹ̀ láyé yìí: kóòdù tí olùkọ́ ìṣirò kan kọ fún àwọn tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ sí ilé ìwòsàn. Ní ìlú tirẹ̀, ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọdé wà lápá òsì ẹsẹ̀ afárá. Ó bẹ̀rù kí ọkọ̀ má kọlu ọmọ, ó sì fi òfin náà sínú kóòdù. Ẹ wá sọ fún mi, kí ló gbé ẹsẹ̀ afárá ìlú olùkọ́ náà dé inú ètò tiwa?"

Ọ̀gá Àgbà, ẹni tó dá ilé-iṣẹ́ náà sílẹ̀, ń fi ìka lu tábìlì.

"Olùkọ́ náà ṣí kóòdù rẹ̀ sílẹ̀ fún gbogbo ayé lọ́fẹ̀ẹ́," ni agbẹjọ́rò tẹ̀ síwájú, "ṣùgbọ́n ó fi àdéhùn sí i. Ẹni tó bá fi ṣe ohun títà gbọ́dọ̀ fi orúkọ òun olùkọ́ sílẹ̀ lórí rẹ̀, kó sì ṣí gbogbo kóòdù tirẹ̀ náà sílẹ̀ bí òun ṣe ṣí tòun. Àwa kò fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀. A kò ṣí nǹkan kan. A sì ti tà á káàkiri."

"Tí a bá ṣí kóòdù wa fún gbogbo ayé, kí la ó máa tà? Afẹ́fẹ́?" Ọ̀gá Àgbà dìde. "Àwọn tó fẹ́ ra ilé-iṣẹ́ yìí máa pè mí nírọ̀lẹ́ òní. Ìbéèrè àkọ́kọ́ wọn ni pé, ṣé nǹkan ẹlòmíràn wà nínú ọjà wa? Mo gbọ́dọ̀ ní ìdáhùn. Mo sì ti ní i." Ó yíjú. "Orúkọ ẹnì kan ṣoṣo ló wà lórí fáìlì afárá yẹn pé òun ló gbé e wọlé."

Gbogbo ojú bá tirẹ̀ lọ sọ́dọ̀ Jẹ́jẹ́.

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń pe ọ̀dọ́bìnrin náà níbi iṣẹ́. Òun ló kéré jù nínú àwọn tó ń kọ kóòdù, kì í sì í fi ìkánjú tẹ ohunkóhun. Ẹni tó bá ní kó yára, ó máa ń sọ fún un pé ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Nísinsìnyí, ọkàn rẹ̀ ń sáré ju ti ẹnikẹ́ni lọ nínú yàrá náà. Ọ̀gá Àgbà ti ti bébà kan sí iwájú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kò pọ̀: èmi ni mo jí kóòdù náà wọlé, ẹnikẹ́ni kò rán mi, mo sì fi iṣẹ́ sílẹ̀.

"Fọwọ́ sí i kí wọ́n tó pè," ni Ọ̀gá Àgbà wí, "mi ò sì ní fà ọ́ lé ọlọ́pàá lọ́wọ́."

Jẹ́jẹ́ mọ ohun tí bébà náà túmọ̀ sí. Ẹni tí wọ́n bá pè ní olè kóòdù, kò sí ilé-iṣẹ́ tí yóò tún gbà á wọlé. Iṣẹ́ kan ṣoṣo tó mọ̀, tó sì fẹ́ràn, ti parí nìyẹn.

"Sà, mi ò ṣe é. Ẹ dákun, orúkọ mi ló wà níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n—"

"Tún un sọ."

Ohùn náà wá láti ẹ̀bá ilẹ̀kùn. Obìnrin kan tó ti lé ní ọgọ́ta ọdún jókòó síbẹ̀, ó gbé báàgì lé ẹsẹ̀, ara rẹ̀ balẹ̀ bí ẹni tó ń dúró de ọkọ̀. Ọlọ́pàá ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ni títí tó fi fẹ̀yìn tì, ẹ̀ka tó ń mú àwọn oníjìbìtì ló sì ti ṣiṣẹ́. Tún-un-Sọ ni ìnagijẹ tí àwọn ọ̀daràn fún un. Ó gbàgbọ́ pé irọ́ a máa rẹwà nígbà àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá tún un sọ, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan á ti kán.

Jẹ́jẹ́ wò ó, ìrètí rẹ̀ sì rọ. Imú obìnrin náà àti imú Ọ̀gá Àgbà jọra bí ẹ̀wà inú èèpo kan. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni. Ìyá kan náà ló bí wọn.

"Ẹ̀gbọ́n mi," ni Ọ̀gá Àgbà wí, "mo pè yín kí àwọn tó fẹ́ rà wá lè mọ̀ pé a ṣe ìwádìí. Ṣùgbọ́n ẹ ti rí i, ọ̀rọ̀ ti yanjú."

"Tó bá ti yanjú, kí lo pè mí fún? Kí àga lè pé?" Tún-un-Sọ dìde. "Mi ò mọ nǹkan kan nípa kọ̀ǹpútà, mo nílò ògbufọ̀. Ọmọ yìí ni màá mú."

"Ẹni tí a fẹ̀sùn kàn!"

"Òun gan-an. Ẹni tí ilé rẹ̀ ń jó kì í fa ọ̀rọ̀ gùn. Ọmọ, dìde, ká lọ."

*

Yàrá kékeré tí wọ́n ti ń po kọfí ni wọ́n wọ̀. Tún-un-Sọ ti ilẹ̀kùn.

"Báwo ni orúkọ rẹ ṣe dé ibi tí o ní ọwọ́ rẹ ò dé?"

"A kó ilé ni, mà," ni Jẹ́jẹ́ dáhùn. Ọ̀rọ̀ ń ti ara wọn lẹ́nu rẹ̀. "Ibì kan wà tí a ń kó gbogbo kóòdù wa pamọ́ sí. Ó ti gbó, ni a bá kó gbogbo rẹ̀ lọ sí ibi tuntun. Iṣẹ́ asúni ni, gbogbo èèyàn ń sá fún un, èmi ni mo sì kéré jù. Ó yẹ kí n kó ìtàn rẹ̀ dání, ẹni tó kọ èyí, ẹni tó tún tọ̀hún ṣe. Wọ́n ní kí n má wulẹ̀ dá ara mi lágara, kí n ṣáà kó o wọlé. Ibi tuntun náà bá kọ orúkọ mi sára gbogbo rẹ̀."

"Tún un sọ."

Jẹ́jẹ́ gbé èémí mì, ó sì tún un sọ. Nígbà tó dé ìparí, ó fi ìbínú sọ ohun tí kò sọ tẹ́lẹ̀: "Gbogbo rẹ̀ pátá, mà! Títí kan àwòrán àmì ilé-iṣẹ́, èmi tí mi ò lè ya ewúrẹ́ kó jọ ewúrẹ́!"

"Dúró. Àmì tó wà lára ògiri ìta yẹn? Ó ti wà níbẹ̀ kí o tó dé ibí?"

"Ó ti wà níbẹ̀ tipẹ́, mà."

"Kọ̀ǹpútà wá ní ìwọ lo gbé e wọlé."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

Tún-un-Sọ rẹ́rìn-ín fún ìgbà àkọ́kọ́. "Nítorí náà, kọ̀ǹpútà kò mọ ẹni tó ni ẹrù. Ẹni tó rù ú wọlé nìkan ni kọ̀ǹpútà mọ̀. Bí alábàárù bá ru àpótí olówó lọ sílé tuntun, ṣé alábàárù ti di olówó nìyẹn?"

Jẹ́jẹ́ fẹ́ fò mọ́ ọn lọ́rùn.

"Má tíì jó," ni obìnrin náà wí. "Mo ti fi hàn pé orúkọ rẹ kì í ṣe ẹ̀rí. Mi ò tíì fi hàn pé kì í ṣe ìwọ. Ta ni ọ̀gá ẹ̀yin tó ń kọ kóòdù?"

*

Olójú-Mẹ́rin ni wọ́n ń pe ọ̀gá wọn, nítorí gíláàsì rẹ̀ tó nípọn bí ìdí ìgò. Kọ̀ǹpútà mẹ́ta ló tò síwájú, ó sì ń làágùn lẹ́yìn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

"Ṣé ìwọ lo kó kóòdù olùkọ́ náà wọlé?"

"Èmi kẹ̀? Rárá o, mà. Mo bá a níbẹ̀ ni."

"O ti kà á?"

"Mo ti kà á tí ojú fi ń ta mí. Mo ń tún ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ṣe, mi ò fọwọ́ kan àárín."

"Fi ìyẹn sílẹ̀, ṣí àwọn fáìlì yín yòókù fún mi. Èyíkéyìí."

Ó ṣí ọ̀kan, ó ṣí èkejì, ó ṣí òmíràn. Tún-un-Sọ tẹjú mọ́ wọn bí ẹni tó ń ka pátákó lójú pópó. Jẹ́jẹ́ mọ̀ pé kò yé e, ojú rẹ̀ kò sì kúrò lókè fáìlì kọ̀ọ̀kan, níbi tí ọ̀rọ̀ kan náà wà: ilé-iṣẹ́ wa ló ni èyí, ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ dà á kọ.

"Èyí ńkọ́? Kí ló wà nísàlẹ̀ ìkìlọ̀ rẹ̀?"

"Kò sí nǹkan kan nínú ìyẹn, mà," ni Jẹ́jẹ́ túmọ̀. "Fáìlì òfìfo ni. Ó kàn ń di àyè mú ni."

"Ẹ ò kọ nǹkan kan, ẹ wá kìlọ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má dà á kọ?"

Ẹ̀rín bú lẹ́nu Jẹ́jẹ́ kó tó mọ̀. Olójú-Mẹ́rin kò rẹ́rìn-ín.

"Èèyàn tí orí rẹ̀ pé," ni Tún-un-Sọ wí, "kò ní jókòó kó kọ irú ìkìlọ̀ yẹn sórí òfìfo. Èèyàn kọ́ ló kọ ọ́. Kí ló kọ ọ́?"

Olójú-Mẹ́rin bọ́ gíláàsì rẹ̀, ó fi ẹ̀wù nù ún. "Ètò kékeré kan ni. Èmi ni mo ṣe é. Ọ̀gá ní kí òǹtẹ̀ ilé-iṣẹ́ wà lórí gbogbo fáìlì pátá, nítorí àwọn àlejò pàtàkì kan tó fẹ́ wá wò wá nígbà yẹn."

"Bí ọ̀rọ̀ mìíràn bá ti wà lókè fáìlì tẹ́lẹ̀ ńkọ́?"

Olójú-Mẹ́rin tún gbé gíláàsì rẹ̀ wọ̀.

"Mo bi ọ́ ní nǹkan kan."

"Ó... ó ń gé e kúrò, mà. Kí ojú fáìlì lè mọ́. Kó tó lu òǹtẹ̀ tiwa."

Ara Jẹ́jẹ́ bù máṣọ. Òkè fáìlì! Ibẹ̀ ni ẹni tó bá ṣí kóòdù sílẹ̀ máa ń kọ orúkọ rẹ̀ sí, àti àdéhùn rẹ̀, àti ìdí tó fi ṣe ohun tó ṣe. "Àǹtí!" ni ó pariwo, ó gbàgbé pé ẹ̀gbọ́n ọ̀gá òun ló ń bá sọ̀rọ̀. "Orúkọ olùkọ́ náà ti wà níbẹ̀ rí! Ẹ̀rọ yìí ló fá a, bí abẹ ṣe ń fá irun! Kò sẹ́ni tó mọ̀ mọ́ pé ẹlòmíràn ló ni kóòdù náà, nítorí òǹtẹ̀ tiwa ló wà lórí rẹ̀!"

"Ẹnì kan mọ̀," ni Tún-un-Sọ dáhùn. "Ẹni tó mú un wá kí abẹ tó dé."

Ọ̀gá Àgbà ti wà lẹ́yìn wọn, wọn ò gbọ́ ìgbà tó dé. "Afínjú!" ó wí, ó sì pàtẹ́wọ́. "Ẹ̀gbọ́n mi, Afínjú ni! Ó bá wa ṣiṣẹ́ níbí, òun ló máa ń tọ́jú apá ibi tí ọkọ̀ ń gbà, ó sì ti lọ bá àwọn tó ń bá wa du ọjà. Mo lè yí orúkọ inú bébà yẹn padà báyìí."

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wò ó pẹ́. "Bí ó ṣe yá ọ lára láti yí orúkọ padà yìí! Bá mi pè é."

*

Afínjú gbé fóònù rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Wọ́n jẹ́ kí ohùn rẹ̀ jáde síta kí gbogbo wọn lè gbọ́.

"Àwọn tí o fi sílẹ̀ ní ìwọ lo jí kóòdù afárá wọlé," ni Tún-un-Sọ wí láìkí i.

Ẹ̀rín ni ọ̀gbẹ́ni náà fi dáhùn. "Èmi? Ẹ má pa mí lẹ́rìn-ín, mà! Mo bẹ̀ wọ́n títí kí wọ́n jẹ́ kí n tún un ṣe. Mo béèrè pé kí ló dé tí ọkọ̀ kì í yà sósì. Wọ́n ní kí n má fọwọ́ kan ibẹ̀, pé òpó ilé ni."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Gbogbo wọn! Ẹni tó dé bá a ń sọ ọ́ fún ẹni tó ń bọ̀. Kò sẹ́ni tó mọ ìdí rẹ̀. Ó ti di òfin."

"Ta ló lè jẹ́rìí pé ó ti wà kí o tó dé?"

"Ẹ lọ bá bàbá dírẹ́bà búrẹ́dì. Òun ni oníbàárà àkọ́kọ́, kò sì jẹ́ kí a pààrọ̀ ètò inú fóònù rẹ̀ rí. Ìgbàkígbà tí mo bá lọ, ó ń lé mi bí adìyẹ tó wọ inú àgbàdo!"

"Ẹ̀gbọ́n mi," ni Ọ̀gá Àgbà wí kíá, "kò sídìí láti lọ yọ oníbàárà lẹ́nu."

Tún-un-Sọ ti gbé báàgì rẹ̀ kọ́ èjìká.

*

Bàbá dírẹ́bà ń kó búrẹ́dì sínú ọkọ̀ nígbà tí wọ́n dé. Bó ṣe rí Jẹ́jẹ́ pẹ̀lú àmì ilé-iṣẹ́ lọ́rùn, ó na ìka sí i.

"Ẹ tún ti dé! Mo ti ní mi ò pààrọ̀! Ohun tó mọ̀ mí, tí mo sì mọ̀, kí lẹ fẹ́ fi ṣe?"

"Bàbá, a ò wá pààrọ̀ nǹkan kan," ni Jẹ́jẹ́ bẹ̀ ẹ́. "Ẹ ṣáà gbé wa gba orí afárá."

"Kí n wá gbé yín bí búrẹ́dì?"

"A ò ní jẹ́ kí ẹ dì wá ní ọ̀rá, sà."

Ìyẹn ló ṣí ẹnu ọ̀nà ọkọ̀ fún wọn. Tún-un-Sọ jókòó síwájú, Jẹ́jẹ́ há mọ́ àárín àwọn àpótí lẹ́yìn, òórùn búrẹ́dì gbígbóná sì bò ó mọ́lẹ̀. Fóònù bàbá náà ti sán lójú, okùn rọ́bà ló fi so ó mọ́ ọkọ̀. Wọ́n gun orí afárá. Wọ́n ń sọ̀ kalẹ̀. Jẹ́jẹ́ di àga iwájú mú.

Máa lọ tààrà, ni fóònù wí.

"Ó ṣe é!" Jẹ́jẹ́ kígbe. "Àǹtí, ó ṣe é! Ètò àkọ́kọ́ pátápátá nìyí, mo ṣì wà nílé ẹ̀kọ́ nígbà tí wọ́n fi í sínú fóònù yìí!"

"Ó ti ń ṣe é láti ọjọ́ tó ti débẹ̀," ni bàbá wí, ó sì yà sí òsì láìka fóònù sí. "Mo bá ọmọkùnrin tó gbé e wá jà lórí rẹ̀. Orí ìjókòó tí ẹ wà yẹn ló jókòó sí, ó tín-ín-rín bí ẹyọ ìgbálẹ̀. Mo ní, kí ló dé tí nǹkan yìí kì í yà síbí? Ó wo fóònù, ó wo afárá, ó tún wo fóònù. Ó ní, 'Bàbá, ó mọ ohun tí ẹ ò mọ̀ ni.'"

"Tún un sọ," ni Tún-un-Sọ wí, ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀.

"'Bàbá, ó mọ ohun tí ẹ ò mọ̀ ni.' Bẹ́ẹ̀ ló wí."

"Òun àti ta ni wọ́n jọ wá?"

"Òun nìkan! Mo ní, ilé-iṣẹ́ yín dà? Ó ní òun ni ilé-iṣẹ́: òun lọ̀gá, òun lọmọ iṣẹ́, òun náà ló ń gbá ilẹ̀." Bàbá rẹ́rìn-ín. "Wọ́n ní ó ti sanra báyìí."

Tún-un-Sọ kò rẹ́rìn-ín. Jẹ́jẹ́ rí ojú rẹ̀ nínú dígí. Ilé-iṣẹ́ tí kò ní ju ẹnì kan lọ! Olójú-Mẹ́rin kò tíì dé nígbà náà, Afínjú kò tíì dé. Ẹnì kan ṣoṣo ló wà tó lè gbé kóòdù olùkọ́ náà wọlé, ẹni náà sì ni àbúrò obìnrin tó jókòó síwájú yìí.

Wọ́n sọ̀ kalẹ̀, wọ́n ń fẹsẹ̀ rìn padà. Jẹ́jẹ́ kò lè pa á mọ́ra mọ́.

"Àǹtí, ẹ lè sọ pé Afínjú ni. Kò sẹ́ni tó máa mọ̀."

"Ìwọ á mọ̀." Obìnrin náà ń rìn kíákíá, kò wo ẹ̀yìn. "Èmi ni mo pọ̀n ọmọkùnrin yẹn. Ẹ̀yìn mi yìí ló ti kọ́kọ́ mọ oòrùn. Ó dùn mọ́ni láti mú olè nílé onílé, ọmọ mi. Jẹ́ ká yára kí wọ́n tó pè é."

*

Yàrá ìpàdé kún. Fóònù Ọ̀gá Àgbà wà láàárín tábìlì, bébà Jẹ́jẹ́ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo ní," ni Tún-un-Sọ wí. Kò jókòó. "Àbúrò mi, ta ló kọ ibi afárá inú ètò àkọ́kọ́ tí o tà?"

"Èmi ni. Èmi ni mo kọ ètò àkọ́kọ́, gbogbo ayé ló mọ̀."

"O kọ ọ́ pé kí ọkọ̀ má yà sósì. Kí ni ìdí?"

"Ó... bí wọ́n ṣe ṣe é nìyẹn."

"Wọ́n? Ta ni wọ́n? Ìwọ nìkan ni ilé-iṣẹ́ nígbà náà. Dírẹ́bà búrẹ́dì bi ọ́ ní ìbéèrè yìí nínú ọkọ̀ rẹ̀, o ní fóònù mọ ohun tí òun ò mọ̀. Ẹni tó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ nǹkan mọ ìdí tó fi rí bẹ́ẹ̀, bí ìdí náà tilẹ̀ burú. O ò lè sọ ìdí kankan fún un, nítorí ìwọ náà ò mọ̀ ọ́n. Ọmọdé tó ń sọdá lẹ́sẹ̀ afárá ìlú tí o ò dé rí ni ìdí náà." Ó fọwọ́ lé tábìlì. "Tún un sọ. Ta ló kọ ọ́?"

Ọ̀gá Àgbà fa àga sẹ́yìn. Ó jókòó.

"Mo rí i níta, lórí íńtánẹ́ẹ̀tì," ó wí níkẹyìn. "Ọ̀fẹ́ ni, ẹ̀gbọ́n mi! Gbogbo ayé ló ń mú irú rẹ̀. Dírẹ́bà búrẹ́dì fẹ́ rí ètò náà ní ọjọ́ kejì, mi ò sì mọ bí wọ́n ṣe ń wá ọ̀nà tó kúrú jù."

"Àdéhùn rẹ̀ ńkọ́? O kà á?"

"Ó gùn."

Olójú-Mẹ́rin wo ilẹ̀. Jẹ́jẹ́ pàápàá wo ilẹ̀. Nínú yàrá náà, kò sẹ́ni tó lè búra pé òun ń ka irú rẹ̀ dé ìparí.

"Àlejò tí wọ́n fún ní yàrá lọ́fẹ̀ẹ́ kì í ta ilé," ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wí. "Ṣùgbọ́n ìyẹn kọ́ ni mo fẹ́ bá ọ jà sí. Àìka àdéhùn nìyẹn; ojú kíkán ló fà á. Ìgbà wo lo rántí pé ìwọ lo mú un?"

"Nígbà tí... nígbà tí mo rí fídíò."

"Kí o tó kọ bébà ọmọ yìí ni, àbí lẹ́yìn tí o kọ ọ́?"

Agbẹjọ́rò gbé kálàmù rẹ̀ sílẹ̀. Jẹ́jẹ́ wo ọ̀gá rẹ̀, ẹni tó gbà á síṣẹ́, ẹni tó máa ń fi í ṣe àpẹẹrẹ fún àwọn tuntun, ó sì mọ ìdáhùn náà láti bí ó ṣe ń sá fún ojú òun.

Fóònù dún.

"Gbé e," ni Tún-un-Sọ wí. "Mi ò ní bá ọ gbé e."

Ó dún, ó tún dún. Ọ̀gá Àgbà wo bébà, ó wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó tẹ fóònù, ó jẹ́ kí ohùn náà bọ́ síta, ó sì sọ gbogbo rẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan péré, ẹsẹ̀ ọ̀rọ̀ náà kankan kò sì kán.

Obìnrin tó ń ṣojú àwọn olùrà ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kejì. "Mo dúpẹ́ pé ẹnu yín ni mo ti gbọ́ ọ," ó wí. "A ò ní fọwọ́ sí nǹkan kan lónìí. Ẹ bá olùkọ́ náà parí ọ̀rọ̀ lórí èyí tí ẹ ti tà. Ẹ yọ tirẹ̀ kúrò, kí ẹ kọ tuntun. Kí ẹ sì mọ̀ pé ẹni tó bá ti ka tirẹ̀ kò gbọ́dọ̀ kọ tuntun náà, ọwọ́ rẹ̀ á tún dà á kọ láìmọ̀. Ṣé ẹ lẹ́ni tó mọ iṣẹ́ náà tí kò tíì kà á?"

Ọ̀gá Àgbà wo Olójú-Mẹ́rin. Olójú-Mẹ́rin mi orí: òun ti kà á tí ojú fi ń ta òun. Ó wá yí gíláàsì rẹ̀ lọ́ra sọ́dọ̀ Jẹ́jẹ́, ẹnu rẹ̀ sì là sílẹ̀.

"Ọ̀gá," ó wí, "ẹni tó rù ú wọlé ni kò tú u wò."

"A ní ẹnì kan," ni Ọ̀gá Àgbà sọ sínú fóònù. "Tó bá gbà."

Wọ́n pa fóònù. Jẹ́jẹ́ gbọ́ bí ọkàn òun ṣe ń lù, ó sì yà á lẹ́nu pé kì í ṣe ìbẹ̀rù ni. Ó ti ń rí bí òun yóò ṣe kọ ọ́: afárá á jẹ́ afárá, òsì á jẹ́ òsì.

"Mo lè kọ ọ́, sà," ó wí. "Ṣùgbọ́n láti àárọ̀ ni gbogbo àwọn tó wà níta yẹn ti ń pè mí ní olè. Mi ò lè jókòó sáàárín wọn bẹ́ẹ̀."

"Ní ọ̀la, mo máa—"

"Rárá, sà. Kí n tó jókòó."

Ọ̀gá Àgbà wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

"Má wò mí," ni Tún-un-Sọ wí. "Èmi kọ́ ló fẹ̀sùn kàn án."

Ọ̀gá Àgbà dìde. Ó pẹ́ kó tó débi ilẹ̀kùn, ó tún ẹ̀wù rẹ̀ ṣe, ó sì jáde sí gbọ̀ngàn tí àwọn òṣìṣẹ́ yòókù jókòó sí. Ilẹ̀kùn kò pa dé lẹ́yìn rẹ̀. Ariwo ìta rọlẹ̀. Jẹ́jẹ́ dúró láàárín yàrá, ó gbọ́ tí ọ̀gá rẹ̀ wúkọ́, ó gbọ́ tó pe òun, kì í ṣe ìnagijẹ, orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́ ni, lódindi, pẹ̀lú ti bàbá náà. Ohùn rẹ̀ wá ga sí i kí àwọn tó wà lẹ́yìn pátápátá lè gbọ́:

"Kò ṣe é. Èmi ni."